Fídíò Tí Tíṣà Pyo Fi Dá Àwọn Tíṣà Lẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ìlú wa níbí, ní Gunsan ní Kòríà, ló ti bẹ̀rẹ̀.

1.
Tó bá di ká kọ́ ọmọ bó ṣe lè jẹ́ ọmọlúàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí tíṣà girama tó mọ̀ ọ́n kọ́ tó Pyo Mi-ran. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, Ham Tae-o, wá bá a nígbà tí iléèwé parí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, kò ní ọ̀rẹ́. Àwọn ọmọkùnrin kan ní àwọn máa fà á wọ ẹgbẹ́ àwọn lórí fóònù tó bá lè kúnlẹ̀ kó gbó bí ajá. Ó kúnlẹ̀. Ó gbó. Wọ́n fi fóònù ká a sílẹ̀ ní fídíò, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kiri.

Tíṣà Pyo ṣe bẹbẹ lọ́jọ́ náà. Ó pe àwọn ọmọ yẹn, ó pe òbí wọn, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi pa fídíò náà rẹ́ lórí fóònù gbogbo wọn. Ẹyọ kan ló kù, èyí tí òun fúnra rẹ̀ tọ́jú nítorí ẹjọ́ iléèwé.

"Tíṣà, ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán. Lọ jẹun, wo bí o ṣe gbẹ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín lọ sílé.

2.
Nígbà ìsinmi òtútù, wọ́n ní kí Tíṣà Pyo wá dá àwọn tíṣà girama lẹ́kọ̀ọ́ ní Jeonju, kí àwọn náà lè máa kọ́ ọmọ bíi tirẹ̀. Gbọ̀ngàn kún, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀ranyàn ṣe máa ń rí. Àwọn kan ń tẹ fóònù, àwọn kan ń tòògbé. Tíṣà Bong láti Namwon wá là á mọ́lẹ̀:

"Tíṣà Pyo, ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n gbogbo èyí ló wà nínú ìwé. Ẹ fi nǹkan tójú lè rí hàn wá, kí oorun lè dá lójú wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dun Tíṣà Pyo wọra. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi àmì dúdú bo ojú Tae-o, ó sì gbé fídíò náà sára ògiri.

Gbogbo gbọ̀ngàn jí. Nígbà tí ọmọ náà gbó, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Tíṣà Pyo náà bá wọn rẹ́rìn-ín, torí inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ti ń wo òun.

"Ẹ wo bí ọmọ èèyàn ṣe ń sọ ara ẹ̀ dajá nítorí ọ̀rẹ́," ló wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

3.
Tíṣà Bong ti ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò gbèrò ibi. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kí wọ́n lè fi kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni Tíṣà Pyo bò. Kò bo ohùn, kò bo aṣọ iléèwé. Àwọn ọmọ náà ń fi ránṣẹ́ kiri, kò sì pẹ́ tí fídíò náà fi padà dé Gunsan, ẹ̀rín àwọn tíṣà sì wà nínú rẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ tí iléèwé wọlé padà, egungun ẹran ni Tae-o bá lórí àga rẹ̀. Ó lọ bá Tíṣà Pyo.

"Tíṣà, ẹ ní ó ti tán."

"Mo bo ojú ẹ. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ìwọ ni."

"Gbogbo wọn ló mọ̀."

"Á rọlẹ̀. Ṣáà mú un mọ́ra."

Ọmọ náà kò wá síléèwé mọ́.

4.
Ìyá rẹ̀ ló wá. Tíṣà Pyo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde," ni obìnrin náà wí. "Ọmọ mi ti kúnlẹ̀ tó."

Nígbà yẹn, ìwé ìròyìn ti gbọ́, àwọn èèyàn sì ń bú Tíṣà Pyo kárí orílẹ̀-èdè. Ẹ̀rù bà á. Ó jókòó síwájú fóònù, ó fi omijé tọrọ àforíjì, ó sì gbé e jáde fún gbogbo ayé: "Tae-o, ọmọ mi, dárí jì mí."

Ó dárúkọ rẹ̀. Ohun tí Gunsan nìkan mọ̀ wá di mímọ̀ fún gbogbo Kòríà. Àwọn ọ̀dọ́ mú ẹkún Tíṣà Pyo, wọ́n fi gbígbó Tae-o sí i, wọ́n sì ń fi jó.

5.
Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà Pyo. Tó bá ń lọ ládùúgbò, àwọn ọmọdé á gbó tẹ̀ lé e. Tae-o àti ìyá rẹ̀ kó lọ sí Mokpo, wọ́n yí orúkọ ọmọ náà padà, síbẹ̀ wọ́n dá ohùn rẹ̀ mọ̀ níléèwé tuntun. Láti ìgbà náà ni kò ti jáde nílé mọ́.

Tíṣà Pyo wá wọn lọ. Tae-o ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó ń wo ọwọ́ Tíṣà Pyo.

"Tíṣà, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń ká mi sílẹ̀?"

Tíṣà Pyo na ọwọ́ méjèèjì sí i kó lè rí i pé òfìfo ni. Ọmọ náà wò wọ́n, ó sì ti ilẹ̀kùn padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, ẹ gbọ́ o. Ìtìjú ọmọ kì í ṣe ohun èlò ìkọ́ni. Bẹ́ ẹ bá bo ojú rẹ̀, ẹ ò tíì bo ọmọ náà. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tọrọ àforíjì, ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bá, kì í ṣe ayé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.