Èsì Àyẹ̀wò Quadri

Láti Oniru dé Ajah, ilé àyẹ̀wò DNA ti wá pọ̀ ju ilé epo lọ.

"Ẹ̀ka wa kẹta rèé lọ́dún yìí," ni ọmọge tó ń kọ orúkọ àwọn tó wọlé ń wí. "Lakowe ló kàn!"

Suliat gbá Quadri mọ́ àyà.

Láńre ọkọ rẹ̀ ò wojú rẹ̀. Inú ọkọ̀ òkun ló ti ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́wàá. Ọmọ olóṣù méjì ló bá nílé nígbà tó dé.

"Bàbá Quadri, ẹ jẹ́ ká máa lọlé. Ẹ fọkàn tán mi."

"Kí lò ń bẹ̀rù? Tí ọmọ yìí kì í bá ṣe tèmi, wàá kẹ́rù ẹ lónìí."

Dókítà já àpòòwé.

"Ẹ̀yin lẹ bí i, sà. Kò sí iyèméjì níbẹ̀."

Láńre bú sẹ́kún, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Suli, foríjì mí."

Suliat ò lè mira.

Kò lóyún rí láyé ẹ̀. Mọ̀nsúrát, àbúrò rẹ̀, ló bí Quadri, tó gbé e fún un ní bòókẹ́lẹ́, tó sì búra pé òun ò mọ ẹni tó fún òun lóyún.