Kó O Tó Wọ Táǹkì

"Kó o tó wọ inú táǹkì ọkọ̀ ojú omi, kí lo máa ṣe?"

Solenn mí kanlẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Ẹ̀gbọ́n Gaëtan ń bi í ní ìbéèrè yìí lórí fóònù láti Kòríà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi wọn ní Nantes, nílẹ̀ Faransé, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń jogún nọ́ńbà ẹni tó ti jáde. Àwọn tó ti jẹ nọ́ńbà náà ṣáájú ló máa ń bá a wáṣẹ́. Gaëtan jẹ nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún rí. Solenn ló ń jẹ ẹ́ báyìí.

"Màá fi fáànù fẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun sínú ẹ̀. Màá fi ẹ̀rọ wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ bóyá ó ṣeé mí, látòkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnì kan á dúró lẹ́nu ihò, kò ní kúrò."

"Tún un sọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ tẹ́ ẹ bá mi wá o! Ẹ bá mi yọ̀ ná!"

Gaëtan ò rẹ́rìn-ín.

"Ipò ta ni mo tiẹ̀ fẹ́ gbà?" Solenn bi í.

"Ti Elouan. Òun ló jẹ mẹ́tàdínlógún ṣáájú rẹ."

"Ibo lòun wá lọ?"



"Inú táǹkì ni wọ́n ti gbé òkú ẹ̀ jáde. Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe máa ríṣẹ́ yẹn gbà. Mi ò kọ́ ọ ní ohun tí mò ń bi ẹ́ yìí."

Solenn fi fóònù mọ́ etí dáadáa.

"Àbúrò mi, tún un sọ."