Aṣọ Funfun Lẹ́nu Ibodè

Bí wọ́n bá dájọ́ ikú fún èèyàn ní ìlú Lida, àwọn àgbà kì í kánjú. Ọkùnrin kan á dúró lẹ́nu ibodè pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́wọ́. Ẹlẹ́ṣin kan á dúró lórí òkè, níbi tó ti lè rí ibodè lápá kan, kó sì rí kòtò tí wọ́n ti ń sọ èèyàn lókùúta lápá kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹni náà sílẹ̀ wá, wọn á gbé aṣọ sókè, wọn á máa fì í, ẹlẹ́ṣin á sì sáré lọ dá wọn dúró. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Joeseri ni ẹlẹ́ṣin. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ Malluki amọ̀kòkò lókùúta, kò lè jẹun. Ẹ̀rù ń bà á pé ẹnì kan lè wá gbẹnu sọ fún ọkùnrin náà.

Agbolé kan náà ni òun àti Malluki ń gbé. Inú yàrá tí Malluki ń kó ìkòkò sí ni wọ́n ti bá búrẹ́dì àti ife wáìnì ní ìdájí ọjọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń pe ará Násárétì tí wọ́n kàn mọ́gi ní Olúwa ló ń pàdé níbẹ̀, wọ́n sì ti fò gba ojú fèrèsé kí ẹlẹ́rìí tó wọlé. Búrẹ́dì náà ṣì gbóná, ṣùgbọ́n ààrò kan ṣoṣo ni gbogbo obìnrin agbolé ń lò, ta ló máa mọ ti ta ni? Malluki ní òun kì í ṣe ara wọn, ẹnì kan ló yá yàrá náà lọ́wọ́ òun. Wọ́n ní ta ni. Ó dákẹ́. Joeseri, tó ń gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí Ọlọ́run lè fọ ilẹ̀ náà mọ́, ní irọ́ ni.

Abitali, ìyàwó rẹ̀, gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà ka iwájú rẹ̀. Òun náà kò fọwọ́ kàn án.

"Baálé mi, ṣé ojú yín á wà lára aṣọ yẹn dáadáa?"

"Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí n tó fẹ́ ọ? Àbí o fẹ́ bá mi gun ẹṣin ọ̀hún ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Tí ẹnì kan bá wá sọ̀rọ̀ fún un, ṣé wọ́n á jẹ́ kó padà sílé?"

"Ta ló fẹ́ torí amọ̀kòkò ki ọrùn bọ ọ̀ràn?"

"Mo kàn ń béèrè ni. Nígbà tí ibà dá yín wó, ẹ̀yìn Malluki lẹ wà títí dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn."

"Ìyẹn ló fi ń dùn mí. Àmọ́ bí ọwọ́ tèmi bá ń rà, màá gé e dànù kó tó ran ara."

Abitali wò ó títí. Joeseri rò pé àánú obìnrin lásán ni.

"Ẹ ṣáà má gbójú kúrò níbẹ̀," ló wí, ó sì gbé korobá, ó ní òun ń lọ sódò. Ìkòkò omi ilé kún dẹ́nu.

Lórí òkè, wọ́n mú Malluki kọjá níwájú ẹṣin. Akéde ń ké níwájú rẹ̀ pé, "Malluki ọmọ Haṣumu ń lọ kú. Ẹni tó bá mọ ohun tó lè gbà á, kó wá sọ ọ́."

Malluki gbójú sókè. "Joeseri, ará ilé mi. Bá mi wò ó dáadáa o."

Joeseri kọjú sí ibodè, ó ń gbàdúrà pé kí aṣọ má lọ sókè.

Aṣọ lọ sókè.

Ó rí i. Ó ń fì lọ, ó ń fì bọ̀, ó tún ń yára sí i. Òpùrọ́ kan ti dé, ló sọ fún ara rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni. Bí òun bá sáré lọ, àrùn yẹn á padà sínú agbolé, á sì wọlé tọ ìyàwó òun. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ibodè, ó gbé pátákò ẹṣin, ó sì ń fi ọ̀bẹ wá òkúta tí kò sí níbẹ̀.

"Olúwa, nítorí Rẹ ni," ló ń sọ. Ó ń wá òkúta náà títí ariwo fi sọ nínú kòtò, tó sì rọlẹ̀.

Ó fa ẹṣin padà wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ń tiro. Bàbá Ṣafati, ẹni tó ń fi aṣọ lẹ́nu ibodè, ṣì mú un dání, etí aṣọ náà ń wọ́ nílẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Òkúta ló há sí ẹṣin lẹ́sẹ̀, mi ò rí aṣọ."

"Ṣé ó ti parí?"

"Ó ti parí."

Ṣafati jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Amọ̀kòkò ò jẹ̀bi, Joeseri. Àwọn àgbà ti wádìí ẹ̀. Ẹni tó yá yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá, ó ní òun lòun ṣe búrẹ́dì yẹn."

"Ta ni?"

Arúgbó náà nawọ́ aṣọ funfun sí ẹ̀yìn ibodè, níbi tí ẹ̀ṣọ́ méjì ti ń de Abitali lọ́wọ́, tí korobá rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbígbẹ.