Alùpùpù Tí Kò Ní Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn

Àárọ̀ kan bí àárọ̀ mìíràn ni. Ìyá kan jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi àkísà nu sípánà. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe, àwọn tó sì ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti ń gbé alùpùpù wọn wá bá a báyìí. Ọmọ rẹ̀ ti tú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì kúrò lára alùpùpù tí wọ́n jọ ń gùn. Ó ní epo inú wọn ti gbẹ. Ó ti jáàkì sábẹ́ táyà, ó fi gbé ẹ̀yìn alùpùpù náà sókè, ó sì wọ bàtà.

"Ìyá, mo ń lọ ra òmíràn. Mi ò ní pẹ́."

"O ò ní pẹ́? Ìwọ tó ṣeé rán níkú yìí?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ ni ìyá náà rí kẹ́yìn, búlúù, bó ṣe ń yà ní kọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń retí rẹ̀. Alùpùpù ṣì wà níbẹ̀ láìní ṣọ́ọ̀kì, ohun kan ṣoṣo tó sì ń jẹ ìyá náà lọ́kàn ni pé kí ó má ṣubú kí ọmọ tó dé. Ìdí nìyẹn tó fi ń bá mẹkáníìkì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà báyìí sọ̀rọ̀ ní àràárọ̀, kí ó bá òun tún un gbé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni mẹkáníìkì náà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ó tún ti fẹ́ yẹ̀ o."

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ẹ pàṣẹ, kí n ṣe é."

"Ẹ kọ́kọ́ yọ jáàkì yẹn kúrò lábẹ́ táyà. Ta ló tiẹ̀ gbé e síbẹ̀?"

Kò sí jáàkì kankan lábẹ́ táyà. Mẹkáníìkì náà kò jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó fa nǹkan jáde, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ ṣeun. Ẹ gbọ́, ọ̀gá, ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé ara dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ti yọ ọ́, tí ẹ wá ń gbé táyà, táyà nìkan ni yóò gòkè. Ara kò ní bá a lọ. Egungun rẹ̀ ni kí ẹ gbé."

"Egungun rẹ̀ ni, Ìyá."

Ó fi rọ́bà táyà di bíréèkì iwájú pinpin kí alùpùpù má baà yí. Ó ti pákó tó nípọn sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó gba okùn kọjá lábẹ́ irin tó wà nísàlẹ̀ ìjókòó, ó fi kọ́ igi àjà, ó sì ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí táyà ẹ̀yìn fi kúrò nílẹ̀, tó ń fì dirodiro. Ìyá náà di ọwọ́ alùpùpù mú.

"Okùn nìkan kò tó o. Okùn lè já."

"Mo mọ̀, Ìyá." Ó ki igi sábẹ́ egungun alùpùpù lọ́tùn-ún àti lósì, ó fọwọ́ tì í wò. Kò mira.

Jórinjórin tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ṣí ìbòjú rẹ̀. "Màmá, ẹ gba èmi náà síṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ìwọ tó jó àpò ṣòkòtò ara ẹ lánàá? Máa wo iná ẹ!"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ìyá náà wo kókó okùn náà dáadáa.

"Ọ̀gá, ta ló kọ́ yín ní kókó yìí?"

"Obìnrin kan ni."

"Ó kọ́ yín ire. Ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà, Ìyá," ni mẹkáníìkì náà wí, ó sì lóṣòó láti wo bóòtù kan tí nǹkan kan kò ṣe.

Ìyá náà padà sórí àpótí. Ó fi ọwọ́ pa ibi kan ní orí rẹ̀ tí irun kì í hù mọ́. Jórinjórin sọdá wá bá mẹkáníìkì náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"O ò ṣe kúkú fi ṣọ́ọ̀kì sí i, kí ọ̀rọ̀ yìí tán?"

"Mo fi sí i lẹ́ẹ̀kan. Ó gùn ún jáde, ó ní òun ń wá ọmọ òun lọ. Ojú títì ńlá la ti rí i."

"Sọ òótọ́ fún un nígbà náà."

"Mo ti sọ ọ́ rí. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, ìwọ náà gbọ́ ọ. Ó ní mi ò láàánú, pé mo ń fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́."

Jórinjórin mi orí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá náà gbọ́ ohùn wọn, ó ṣebí ọ̀rọ̀ oníbàárà kan ni.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ rò pé ó máa dé lónìí?"

Mẹkáníìkì náà ń kó sípánà jọ. "Ọmọ tó ní irú ìyá báyìí kò lè jìnnà."

"Tí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò bínú. Ó lè máa rò pé mo ń bínú, kó má fẹ́ wálé."

"Kí lẹ máa bínú sí, Ìyá?"

"Jáàkì tó gbé sábẹ́ táyà ni. Ẹ sọ fún un pé kò sí mẹkáníìkì tí kò ṣe irú ẹ̀ rí."

"Mo máa sọ fún un."

Mẹkáníìkì náà, ọmọ rẹ̀ tó mú ṣọ́ọ̀kì tuntun dé lọ́jọ́ tó lọ rà á gan-an tó sì bá alùpùpù tó ti wó lu ìyá rẹ̀ lórí, ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó mú un lọ́wọ́, wọ́n sì lọ sílé tí àwọn méjèèjì ń gbé.