Ìwé Ọlidé fún Ìyá Onípẹ́ńsùlù

Ó ti rẹ obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé tẹnutẹnu nígbà tí ìyá àgbà kan gbé ìwé tó yá padà síwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ọlidé dé. Wá ìtàn iwin ìgboro míì fún mi."

"Mama, ẹ tún fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sínú èyí!"

"Irọ́ òǹkọ̀wé yẹn ló pọ̀ jù."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó mú rọ́bà láti pa á rẹ́. Nínú ìwé náà, òǹkọ̀wé ní iwin kì í wọ bọ́ọ̀sì. Mama kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Irọ́ ni. Bọ́ọ̀sì ni gbogbo àwa iwin ń wọ̀."

Ó yẹ kí obìnrin náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti fi dúró láti àárọ̀ kò gbà fún un. Ó pa á rẹ́, ó sì na ìwé mìíràn sí i.

"Ìtàn ìfẹ́ ni, Mama. Kò sí ẹbí yín kankan nínú rẹ̀."