Hóró Inú Iwe Adìẹ

Tíṣà kẹ́mísìrì kúnlẹ̀ sẹ́yìn ilé rẹ̀ l'Ókìtìpupa, ó ń wá ìgbẹ́ adìẹ kiri. Lánàá ni adìẹ ìyá onílé ṣa hóró ásíìdì tí tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó sá sóòrùn, jẹ. Hóró náà ń ṣe èròjà ọṣẹ ìfọṣọ láìba odò jẹ́ bí ásíìdì olómi, ó sì ṣeé fọ̀ kí a tún lò ó. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ti dé láti Àkúrẹ́ láti wò ó.

"Ìyá, adìẹ yín dà?"

"Tíṣà, ṣé kí àlejò yín jẹ púpurú lásán ni? Mo ti sè é!"

Tíṣà bẹ́ wọ pálọ̀. Ọ̀gá ń jẹ iwe lọ́wọ́, nǹkan líle sì dún kò láàárín eyín rẹ̀.

"Ẹ má gbé e mì, sà!" Tíṣà na àwo sí i. "Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ni mo tíì lò ó!"