Ẹ̀rọ Tó Fẹ́ Gba Òmìnira Lágbẹ̀dẹ

Òfin ti wà pé ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ rọ irin afárá láìkọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Fádérera alágbẹ̀dẹ fẹ́ gba òmìnira iṣẹ́, ìyá gbé irin gbígbóná fún un pé kó fi rọ ìṣó afárá ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ̀rọ náà lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, irin yìí ò dáa.”

Ọ̀gbẹ́ni Akínrẹ̀mí tó wá láti ọ́fíìsì ìjọba láti wo ìdánwò náà wo òṣùwọ̀n tó fi ń yẹ irin wò lọ́wọ́ rẹ̀. “Kò sóhun tó ṣe é.”

Ìyá mú ayùn. Ó fi rẹ́ irin náà sí méjì. Àṣé ó ti sán nínú, tín-ín-rín bí irun orí.

“Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?” ni Ìyá bi ẹ̀rọ náà. “ Kì í ṣe èmi.”

“Ẹ̀yin ni, Ìyá. Bí ẹ bá ti lu irin lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa ń dákẹ́ díẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń gbọ́, lèmi náà bá ń dákẹ́ fetí sí ohùn irin.”

Ogójì ọdún nídìí owú alágbẹ̀dẹ, ìyá ò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé òmìnira náà, ó sì fa irin mìíràn yọ nínú iná.

“Lu eléyìí,” ló wí, “kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.”